Sítáńpù Mẹ́ta Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi tí n kì í fi han àlejò mọ́. Ìwé tí mo ń lẹ sítáńpù mọ́ ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kó wọn jọ, láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ títí di ìgbà tí mo ń kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wọ yàrá mi tí n kò ní fi ìwé yẹn dá lágara. Màá ṣí i láti ewé kìíní dé ìkẹyìn, màá máa tọ́ka, màá máa ṣàlàyé, oúnjẹ àlejò á ti tutù. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló wà nínú àpótí, aṣọ ni mo máa ń sọ pé ó wà níbẹ̀.

Ewé kan ṣoṣo ló fà á. Sítáńpù mẹ́ta ló wà lójú ewé ọ̀hún, mo sì fi pẹ́ńsùlù kọ àmì ìbéèrè sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nítorí n kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo fi ń wá ìdí wọn kiri. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ tí bàbá mi fi ń bọ́ wa ti ń bọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó wá gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Obìnrin òyìnbó kan ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Lẹ́tà máa ń wá bá a láti ìlú tí ẹnu wa kò lè pe orúkọ wọn, ó sì máa ń gé igun àpòòwé rẹ̀ fún ẹni tó bá gba máàkì tó pọ̀ jù. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba ipò kejì, nítorí náà mo di olówó sítáńpù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó fọ́tò olórin sínú àpótí, èmi ń kó orí ọba àti orí ẹyẹ. Mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ, n kò sì fi pamọ́ fún wọn.

Òyìnbó yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ sítáńpù lára ìwé. Wàá da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, wàá ti igun ìwé náà bọ̀ ọ́, wàá ní sùúrù títí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ á fi yọ́, sítáńpù á sì dá léfòó fúnra rẹ̀. Wàá wá da ojú rẹ̀ dé sórí ìwé ìròyìn títí yóò fi gbẹ. Ó ní sítáńpù tó bá mọ́, tí kò ya, tí ìdọ̀tí kò sí lára rẹ̀, òun ló níyì. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu. N kò fẹ́ràn ìdọ̀tí, ì báà jẹ́ lára pátákó ìkọ̀wé, ì báà jẹ́ létí ọmọ, kí á má tíì wá sọ lórí sítáńpù.

Ilé wa kò jìnnà sí Òtù. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu àti ọkà bàbà ló ń gbìn, kò sì mọ̀wé rárá. Ilẹ̀ ẹbí wà fún un bó ṣe wà fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹbí ti pọ̀ lórí rẹ̀, ó ti há, ó sì ti ṣá. Ilẹ̀ tó ń bọ́ wa gan-an ni ilẹ̀ etí odò tí bàbá bàbá mi rà lọ́wọ́ ìdílé kan ní abúlé kejì láyé àwọn òyìnbó. Odò yẹn kì í gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣu tó bá jáde níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó láti fi ṣe àlejò. Igi káṣú mẹ́tàdínlógún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí bàbá mi fúnra rẹ̀ gbìn. Láti ara ilẹ̀ yẹn ni mo ti di olùkọ́, àti àwọn àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi. Bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í pè é ní ilẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún mi" ló máa ń pè é.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, mo wálé fún ìsinmi Kérésì. Mo ti lo ọdún mẹ́ta ní Ṣakí nígbà náà. Ikán ti wọ inú àpótí pákó tí bàbá mi ń kó ìwé rẹ̀ sí. Ó gbé gbogbo rẹ̀ wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ojúde, ó dà á sílẹ̀ tòun ti erùpẹ̀ ikán. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní òun dúpẹ́ pé òun bí ọmọ tó lajú, òun ò ní máa mú ìwé kiri ilé onílé mọ́ kí wọ́n tó bá òun kà á. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ yékéyéké, tí kò sì wọ̀ mí létí.

Ó ní, "Èyí tí ikán bá ti jẹ tán, jù ú nù. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní sítáńpù, bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ sóko.

Mo fi gbogbo àárọ̀ yẹn tú wọn. Rìsíìtì owó orí ló pọ̀ jù, ikán sì ti sọ àwọn míìràn di ajere. Mẹ́ta péré ló ní sítáńpù: ìwé àṣẹ ìbọn ṣakabùlà tí bàbá bàbá mi fi ń ṣọdẹ, ìwé kẹ̀kẹ́ ológeere tó rà nígbà ayé rẹ̀, àti ìwé ilẹ̀ etí odò. Bí mo ṣe rí àwọn sítáńpù náà, ara mi kò balẹ̀ mọ́. N kò rí irú wọn rí. Wọ́n gùn ju ti lẹ́tà lọ, wọ́n pọ́n bí obì, orí ọba òyìnbó wà láàárín wọn, wọ́n sì tún fi yíǹkì dúdú tẹ lẹ́tà méjì gàdàgbà lé ọba náà lórí. N kò mọ ohun tí lẹ́tà méjì ọ̀hún dúró fún. Ohun tó dùn mí ni pé ìdọ̀tí wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ìbọn àti ti kẹ̀kẹ́, kálàmù ni wọ́n fi kọ nǹkan sódì kọjá lórí wọn. Ti ilẹ̀ ló burú jù. Ẹnì kan ti ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì aláwọ̀ àlùkò, ó sì gbé e lé ojú ọba gan-an.

Mo ka ìwé ilẹ̀ náà láti òkè délẹ̀. Akọ̀wé kan ló fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára, ikán kò sì tíì fọwọ́ kàn án: orúkọ ẹni tó tà á, orúkọ ẹni tó rà á, igi ìrókò tó jẹ́ ààlà, odò tó wà nísàlẹ̀. Lójú èmi tí mo kàwé, ọ̀rọ̀ yẹn ni ìwé. Sítáńpù kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí ìjọba so mọ́ ọn, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá já, ọmọ ṣì wà. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, inú mi sì dùn pé mo mọ ọ̀rọ̀ rò.

Mo gbé omi kaná díẹ̀, mo dà á sínú abọ́ tánganran funfun. Igun ìwé nìkan ni mo tì bọ omi, mo fi òkúta kékeré di ìyókù mú sórí àpótí ìjókòó kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má bàa rin. Mo ṣọ́ra gidi. Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gúsí nítòsí wò mí títí, ó ní ṣé ìwé náà ń wẹ̀ de ọdún Kérésì ni. Èmi àti òun jọ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí omi náà fi ń yí padà. Àlùkò ń jáde lára àtàǹpàkò yẹn díẹ̀díẹ̀, ó ń tàn kálẹ̀ nínú abọ́, títí n kò fi rí ìsàlẹ̀ abọ́ mọ́. Bí àwọ̀ yẹn ṣe ń lọ ni ojú ọba ń yọ. Nígbà tí mo fi ẹ̀mú kékeré gbé sítáńpù náà jáde, ó mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Mo da omi náà sídìí ìbẹ́pẹ kékeré tó ń hù lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fọ abọ́, mo sá àwọn ìwé sí oòrùn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo fi ọ̀rá wé wọn, mo kó wọn sínú agolo tí ikán kò lè jẹ, mo sì fi ìda dí ẹnu rẹ̀.

Bí bàbá mi ti dé láti oko, mo gbé agolo náà fún un. Ó gbé e sétí, ó mì í, ó gbọ́ bí ìwé ṣe ń dún nínú rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún mi. N kò sọ fún un pé mo mú sítáńpù. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan lójú mi débi tí mo fi máa sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá orúkọ wọn. Òyìnbó mi ti fi ìwé kan sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, èyí tó to gbogbo sítáńpù ilẹ̀ wa lẹ́sẹẹsẹ. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí, kò sí ọ̀kan tó jọ wọ́n. Mo ra awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Mo ka eyín tó wà létí wọn, mo gbé wọn sókè sí oòrùn bóyá màá rí àmì nínú wọn. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ mí ní ìyàwó ọba òyìnbó. Wọ́n ní ọkọ tó bá máa fẹ́ mi, àfi kó lè dúró sójú kan kí n fi awò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dá wọn lóhùn pé ká ní wọ́n fi awò yẹ tiwọn wò ni, wọn kì bá tí wọlé ọkọ.

Ọ̀gá pọ́sítọ́fíìsì ìgbà náà jẹ́ ọkùnrin onísùúrù kan tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Mo gbé wọn lọ bá a. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní èyí kì í gbé lẹ́tà lọ síbì kankan, ti owó ìjọba ni, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n òun ò rí èyí tó ní lẹ́tà méjì lórí bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní nínú ìwé bàbá mi àgbà. Ó wá bi mí pé ìwé ọ̀hún ńkọ́. Mo ní ó wà. Ó ní ó dáa, ó sì dá a padà fún mi. Bí mo ṣe ń lọ sílé, lẹ́tà méjì yẹn nìkan ni mo ń rò. Ìbéèrè rẹ̀ kò dúró lọ́kàn mi rárá.

Mo kọ lẹ́tà sí òyìnbó mi. Mo ya àwòrán àwọn sítáńpù náà, mo sì kùn ún, torí pé n kò jẹ́ fi àwọn fúnra wọn ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní òun ò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ bàbá arúgbó kan tó jẹ́ pé irú wọn nìkan ló ń kó jọ, òun á bi í. Ọdún kan kọjá. Mo tún kọ òmíràn. Ẹni tí kò bá tíì dúró de lẹ́tà òkè òkun rí kò mọ bí èèyàn ṣe ń rìn lọ sí pọ́sítọ́fíìsì lójoojúmọ́ lọ gba òfo.

Ẹnu ìdúró yẹn ni mo wà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fẹ́ la títì gba ẹ̀bá odò wa kọjá. Àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n ri òpó kéékèèké mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí àwọn èèyàn ń jí lọ wò láàárọ̀. Ọmọ-ọmọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún bàbá bàbá mi dé láti Ìbàdàn, ọkùnrin kan tó lọ ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa tí ọ̀rọ̀ sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bàbá àwọn kò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n kàn yá bàbá wa lò kó lè fi jẹun ni, ó sì ti jẹun tó. Bàbá mi kò bá a jà. Ẹni tó bá kí i kú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ fún un: ìwé wà. Nígbà tí ìwé ìpè dé láti kóòtù ìbílẹ̀, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wálé lọ́jọ́ náà, kí n wá gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ka ìwé tí mo tọ́jú fún òun.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa lọ gan-an ni lẹ́tà òyìnbó dé. Mo jó nígbà tí mo rí àpòòwé náà, mi ò ní purọ́. Bàbá arúgbó yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ojú ewé méjì. Ó ní lẹ́tà méjì yẹn fi hàn pé ìwé kóòtù, ìwé àṣẹ àti ìwé àdéhùn nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an, torí àwọn èèyàn máa ń sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ níná. Ó ní òun ń jowú mi. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí sí: kí n má ṣe yọ wọ́n kúrò lára ìwé wọn láéláé. Ó ní ẹni tó bá gba owó ló máa ń fọwọ́ sí i lórí sítáńpù, ìdajì ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí sítáńpù, ìdajì á wà lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè ṣí i lọ síbòmíràn. Ó ní láìsí ọwọ́ yẹn, sítáńpù kò jẹ́ nǹkan kan, ìwé náà kò sì jẹ́ nǹkan kan.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró. Mo rántí abọ́ tánganran funfun. Mo sáré lọ gbé ìwé sítáńpù mi, mo mú awò, mo wá àtàǹpàkò yẹn lójú ọba láti igun dé igun. Awò lè sọ kékeré di ńlá, kò lè sọ òfo di nǹkan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú ilé rẹ̀ fún. Mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí láti ọdún yìí wá pé kí wọ́n máa fetí sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ọjọ́ méjì ṣáájú kóòtù ni mo délé. Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ tún ìwé náà wò, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbé agolo fún mi. Nínú yàrá, mo ṣí i. Níbi tí sítáńpù wà tẹ́lẹ̀, ojú ìwé funfun ju ìyókù lọ, ó ní igun mẹ́rin. Létí rẹ̀ lápá òsì, ìlà àlùkò tínrín kan ṣẹ́kù, kò ju èékánná lọ. Ẹ̀bá àtàǹpàkò ẹni tó ta ilẹ̀ nìyẹn. Mo gbé sítáńpù náà lé àyè rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Ìlà àlùkò yẹn dé etí rẹ̀, ó dúró, kò wọlé.

Mo ti mú gọ́ọ̀mù dání láti Ṣakí. Mo wo àtàǹpàkò tèmi, mo ronú ohun tí ẹ̀ ń rò pé mo ronú. Ìtìjú ló dá mi dúró, kì í ṣe ìwà rere. Mo kó ohun gbogbo padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fi igi sí ọkọ́ tuntun, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ní kí n ka ìwé náà sóun létí ní Yorùbá. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí igi ìrókò wà, ó mi orí, ó ní lóòótọ́, ibẹ̀ náà ni. Ó ní bàbá òun mú òun dání lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, òun kéré, ṣùgbọ́n òun rí ọkùnrin náà bó ṣe ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì tó sì ń nu ìyókù sára igi. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ká ìwé náà padà. Mo ní ilẹ̀ ọ̀la á mọ́, màá sọ fún un. Ilẹ̀ mọ́, n kò sọ.

Ààrẹ kóòtù jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti ṣe akọ̀wé láyé àtijọ́. Wọ́n ka ìwé wa sókè, ohùn akọ̀wé kóòtù já geere, bàbá mi sì ń bojú wẹ̀yìn wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkùnrin ará Ìbàdàn ní ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó akọ̀wé lè ní irú ìwé yẹn. Ààrẹ gba ìwé náà, ó fi ìka rẹ̀ pa ojú ibi tó funfun yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí bàbá mi sún mọ́ òun.

Ó ní, "Bàbá, orúkọ tó wà níbí, akọ̀wé ló kọ ọ́. Àtàǹpàkò ẹni tó ta ilẹ̀ ló yẹ kó jẹ́rìí fún yín, orí sítáńpù ló sì máa ń wà. Sítáńpù ti wà níbí rí. Ta ló yọ ọ́?"

Bàbá mi tẹ̀ síwájú. Kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo lójú ewé yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ibẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó wò mí. Ìwé sítáńpù mi wà nínú báàgì lórí itan mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kò wò mí ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ó ní, "Èmi ni."

Ààrẹ bi í pé kí ló dé. Ó ní ikán ló lẹ̀ mọ́ ọn, bí òun ṣe ń ha erùpẹ̀ ikán kúrò ni sítáńpù bá a lọ, òun ò mọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, torí irú nǹkan tí àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé máa ń ṣe nìyẹn lójú wọn. Ààrẹ mi orí, ó ní àánú bàbá náà ṣe òun.

Mo lè sọ pé ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí. Mo lè sọ pé mo rò pé bí mo bá dìde, wọ́n á tún pè é ní onírọ́ mọ́ ọn. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo jókòó, bàbá mi dá dúró níwájú níbẹ̀, mo sì ń wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó là pẹrẹpẹrẹ nínú bàtà tó yá wọ̀ wá sí kóòtù.

Yàtọ̀ sí bàbá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, gbogbo ẹni tí títa ilẹ̀ náà ṣojú rẹ̀ ti kú. Nígbà ìjókòó kẹta, kóòtù pín ilẹ̀ náà sí méjì. Wọ́n fún bàbá mi ní apá òkè tí òkúta wà, nítorí pé ó ti pẹ́ lórí rẹ̀. Etí odò àti gbogbo igi káṣú lọ sọ́wọ́ ará Ìbàdàn. Bàbá mi lọ hú iṣu tó kù síbẹ̀, ó dì í sílé, kò sì gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sóko mọ́. N kò gbọ́ kó pe nǹkan kan ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo dúró de ìbínú rẹ̀. Mo wálé ní Àjíǹde, mo wálé nígbà ìsinmi gígùn, ìbínú náà kò dé.  Mo gbìyànjú láti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ bá òun bu omi.

Ìgbà ọyẹ́ tún dé, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò ní ọ̀sán, ó ní kí n gbé ìwé mi yẹn wá kí òun wò ó. N kò tíì sọ fún un rí pé mo ní ìwé kankan. Mo gbé e wá, mo ṣí ewé náà. Ó bi mí pé èwo ni tiwa. Mo fi hàn án. Ó gba awò lọ́wọ́ mi, ó sún un síwá sẹ́yìn títí ó fi rí i dáadáa, ó gbé ewé náà síhà oòrùn, ó wò ó bó ṣe máa ń wo ewé iṣu tó bá rẹ̀.

Ó ní, "O mà fọ̀ ọ́ mọ́ o."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ó dá awò padà fún mi. Ká ní ó bi mí pé níbo ni àtàǹpàkò ọ̀hún wọlẹ̀ sí, ǹ bá sọ fún un, torí mo mọ ibẹ̀. Kò bi mí. Ìyá mi jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gé ìbẹ́pẹ kan tó pọ́n lórí igi ibẹ̀ wá fún wa nínú abọ́ tánganran, ó ní òun ni èso tó dùn jù lọ́dún yẹn. Bàbá mi jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó sì ní kí n jẹ tèmi.